Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ẹgbẹ́ òṣèlú di ẹ̀sìn, ẹ gbà mí o

Olùbéèrè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ọ̀rọ̀ yìí gbà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan ṣoṣo tí mo ní kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìdìbò, oṣù 14 gbáko. Bó bá ti jí, ohùn olórí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ kó tó gbàdúrà. Ẹni tó bá ta ko ọkùnrin yẹn, iṣẹ́ Sátánì ló ń ṣe! Lọ́jọ́ kan mo ṣí Bíbélì rẹ̀, bájì ẹgbẹ́ ló fi sàmì sí Sáàmù 91. Pín-ìn ẹ̀yìn bájì náà ti fa ewé ìwé ọ̀hún ya. Bíbélì bàbá wa ni o, òun ni wọ́n fi í lé lọ́wọ́, kì í ṣe èmi. Màmá wa ń sunkún. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Ọkọ mi àti àbúrò wọn lọ síbi ìsìnkú kan náà, wọn ò kí ara wọn, nítorí ìbò. Ẹ máa gbàdúrà.

Bàbá Olùkọ́: Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nílẹ̀ Faransé, àwọn tó dojú ìjọba ọba dé sọ ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame di tẹ́ńpìlì Làákàyè ní 1793. Nígbà tó di oṣù kẹfà 1794, Robespierre, ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn, fúnra rẹ̀ ló ṣáájú àjọ̀dún ẹ̀sìn tuntun tí ìjọba dá sílẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi bẹ́ ẹ lórí. Ohun tí èèyàn ń rí nínú ìjọ náà ló ń rí nínú ẹgbẹ́: orin, aṣọ kan náà, ẹni tí yóò pè é ní ará. Ṣùgbọ́n nínú òṣèlú, ẹni tó fìdí rẹmi lónìí lè wọlé lọ́la. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ẹ̀sìn ò lè gba èyí, lójú rẹ̀ Ọlọ́run ni wọ́n ṣẹ́gun.

Ọmọ Ògidì: Ẹgbẹ́ wo ni? Ẹ dárúkọ rẹ̀ ká mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Àdùkẹ́: Ọmọ Ògidì, ohun tí wọ́n ń sunkún lé lórí gan-an lò ń ṣe yẹn. Bàbá Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti Faransé sílẹ̀ ná. Olùbéèrè, ẹ̀gbọ́n yín lẹ ń pè ní "ó" látòkè délẹ̀ yìí? Ṣé bájì ló lé wọn lọ fún oṣù 14? Kí lẹ sọ sí wọn?

Olùbéèrè: Mi ò sọ ohun tó burú. Òótọ́ ni mo sọ. Ẹni tí èmi dìbò fún bẹ̀rù Ọlọ́run, gbogbo ayé ló mọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣáà máa gbàdúrà.

Àdùkẹ́: Kí lẹ sọ?

Olùbéèrè: Ó dáa. Ọ̀sẹ̀ kejì tí èsì ìbò jáde, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù ẹbí pé ẹni tó bá dìbò fún ọmọ òkùnkùn, òun àti òkùnkùn ni yóò jọ pín in. Mo ṣe Àmín méje sí i. Màmá wa rí i, ìyàwó rẹ̀ rí i. Kò fèsì, ó kàn kúrò nínú gúrúùpù. Mo ní ẹ̀rí ọkàn ló lé e.

Ọmọ Ògidì: Háà!

Àdùkẹ́: Èpè nìyẹn. Ẹ ṣépè fún ọmọ ìyá yín lọ́sẹ̀ tí oúnjẹ kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹ wá ń ka bájì sí i lọ́rùn.

Ìyá Ìbejì: Àdùkẹ́, ẹ rọra. Ó ti jẹ́wọ́.

Bàbá Olùkọ́: Má mẹ́nu ba ẹgbẹ́ rárá. Lọ bá a nílé, tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn nìkan. Bó bá fẹ́ sọ ti ìdìbò, jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán, má fèsì.

Olùbéèrè: Mo padà lọ wo gúrúùpù náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀, mi ò pa á rẹ́ látọjọ́ yìí. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì báyìí, wọn ò gbé e. Màá lọ bá wọn ní Sátidé.