Àwo jazz tí mo bi yín léèrè: mo ti mú ọ̀kan

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bi yín pé nínú Blue Train ti John Coltrane tó ń fun saxophone àti The African Beat ti Art Blakey onílù, èwo ni kí n fi ṣe ààyò. The African Beat ni mo mú o! Ọdún 1962 ni wọ́n gbà á sílẹ̀. Àdúrà Solomon Ilori, ọmọ Yorùbá, ló ṣí àwo náà. Ara mi bù máṣọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n yẹ ìtòsí bébà àárín rẹ̀ wò, ẹ ṣeun gan-an. "VAN GELDER", orúkọ ẹni tó gba ohùn àwo náà sílẹ̀, wà níbẹ̀, àmì P ti Plastylite, ilé iṣẹ́ tó tẹ àwo náà, táwọn olùkójọ àwo ń pè ní etí, náà sì hàn ketekete. Ojúlówó ni. Mi ò ní ta Blue Train ṣá. Ìbéèrè mi parí síbí.