Àdírẹ́sì bọ́ọ̀sì, àdírẹ́sì CPU: ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí nígbà tó ń yẹ patch wò?

Ọmọ_Wàńdò (Àjàṣẹ́)
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Oṣù tó kọjá ni wọ́n ní kí n bá àwọn yẹ patch kan wò, ìyẹn àtúnṣe kóòdù tí ẹnìkan fẹ́ kó wọ inú kernel Linux (ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà). Driver káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kóòdù tó ń bá káàdì náà sọ̀rọ̀. Mo jókòó tì í láti aago mẹ́jọ alẹ́. Iná lọ ní mẹ́sàn-án, mo tan fóònù, mo ń bá a lọ. Mo rí ibi tí wọ́n ti fi àlàfo ṣe táàbù, mo rí orúkọ tí kò bójú mu, mo tún rí `kfree` (àṣẹ tó ń dá mẹ́mórì padà) tí wọ́n gbàgbé. Inú mi dùn sí ara mi. Mo kọ Reviewed-by (mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó dára), mo fi orúkọ mi tì í gàdàgbà, mo lọ sùn.

Ìlà tó pa mí rèé. Ojú mi kọjá lórí rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin:

`desc->addr = virt_to_phys(buf);`

`virt_to_phys` ń sọ àdírẹ́sì virtual tí ètò ń lò di physical, èyí tí CPU fi ń pe mẹ́mórì. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì bọ́ọ̀sì ni káàdì ń fẹ́, orúkọ tí òun fi ń pe mẹ́mórì kan náà láti ojú bọ́ọ̀sì, ọ̀nà tó so ó mọ́ mẹ́mórì. Lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́, geere ló ń lọ. Lórí tèmi náà, geere. Kò sí IOMMU (ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ àdírẹ́sì fún káàdì) lójú iṣẹ́ níbẹ̀, ohun tí CPU ń pe mẹ́mórì náà ni káàdì ń pè é. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹnìkan gbé e sórí bọ́ọ̀dù kékeré kan tó jẹ́ pé ibi tí CPU ń pè ní 0, 0x80000000 ni káàdì ń pè é. Páákẹ́ẹ̀tì ń wọlé, káàdì ń sọ pé òun ti kó wọn sílẹ̀, a ṣí buffer (àyè mẹ́mórì tó yẹ kí wọ́n wà) wò, òdo, òdo, òdo. Ọlọ́run ló mọ ibi tó ń já ẹrù sí.

`dma_map_single` ló yẹ kó wà níbẹ̀, òun ló máa sọ orúkọ tí káàdì fúnra rẹ̀ mọ ibẹ̀ sí. Mo sì mọ̀ ọ́n o! Mo tilẹ̀ ti kọ́ èèyàn rí. Ta ló ti ṣe irú rẹ̀?

Èrò_Kútọnu
Mo rí "bọ́ọ̀sì", mo rò pé wọ́n tún ti fi owó kún ọkọ̀ Kútọnu ni. Ẹ má bínú.

Tàǹtí_Kóòdù (Àjàṣẹ́)
Ó kéré tán, o jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò ju ti fóònù wa lọ. Láti 30 oṣù kọkànlá 2024 tí wọ́n ti ní kí gbogbo nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ máa ní 01 níwájú, ìyá mi ṣì ń di ìwé pélébé rẹ̀ mú, nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́jọ ló kún inú rẹ̀. Kò sí irọ́ nínú ìwé yẹn, àwọn èèyàn náà ò sì kó lọ síbì kankan. Ṣáà pè wọ́n kí o rí. `virt_to_phys` ni ìwé ìyá mi.

Àkàbà_Ìdénà (Kétu)
Ẹ̀gbọ́n, ó dùn létí ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. 01 kan náà ni wọ́n fi síwájú nọ́ńbà gbogbo. Bọ́ọ̀sì kì í rí bẹ́ẹ̀. Nínú `ranges` (ibi tí wọ́n ń kọ bí àdírẹ́sì bọ́ọ̀sì ṣe ń di ti CPU), fèrèsé, ìyẹn ìpín àdírẹ́sì, lè tó mẹ́ta, kálukú wọn pẹ̀lú iye tirẹ̀. Mo ti yẹ patch kan wò tí ẹni tó kọ ọ́ ka fèrèsé kìíní nìkan, ó wá ń yọ iye yẹn kúrò lára gbogbo àdírẹ́sì tó bá rí. Fèrèsé kìíní ń ṣiṣẹ́, èkejì ya wèrè.

Tàǹtí_Kóòdù (Àjàṣẹ́)
Ṣé mo ní kí o fi kọ driver ni? Mo ní kó yé èèyàn.

Alákàsà0x
😂😂

Bàbá_Àjàṣẹ́
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ń lọ jìnnà. Ẹ gun sẹ́mí (ọ̀kadà wa), kí ẹ sọ nọ́ńbà kàré ilé yín, ti orí ìwé ìjọba, fún ẹni tó ń wà á. Á kàn máa wò yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ ní "ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí Ńlá, lọ́dọ̀ ìyá alákàsà", kò ní béèrè ẹ̀ẹ̀kejì. Ilé kan náà ni. Onísẹ́mí ló ń lọ, ohun tí òun ń pè é ni kí ẹ sọ.

Ọmọ_Wàńdò (Àjàṣẹ́)
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Nọ́ńbà kàré ni mo fún káàdì.

OkèṢábẹ̀ẹ́ (Ṣábẹ̀ẹ́)
Tèmi kì í ṣe ti ọ̀gá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni, Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré) àkọ́kọ́, àlòkù. LED kan péré ni mo fẹ́ tàn. Mo wa ìwé BCM2835, ṣíìpù rẹ̀, jáde, ó kọ 0x7E200000 fún GPIO (àwọn ẹsẹ̀ tí a ń so wáyà mọ́), mo gbé e bó ṣe wà, mo fi mmap `/dev/mem` kí ètò mi lè dé ibẹ̀ tààrà. Kò sí nǹkankan. Mo pààrọ̀ LED. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo lọ ra LED mìíràn. Ọjọ́ kẹta, ìyá mi bi mí pé kí ni mò ń gbìyànjú láti tàn lọ́sàn-án gangan. Ìgbà tí mo padà sí iwájú ìwé ni mo rí i pé wọ́n ti sọ ọ́ tipẹ́: 0x7E yẹn, àdírẹ́sì bọ́ọ̀sì ni, 0x20 ni CPU ń pè é. Mo kọ 0x20200000, iná tàn wàì! Mo pariwo débi pé ewúrẹ́ já okùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ra Pi 3, mo kó kóòdù kan náà sí i, LED kọ̀. 0x3F ni tirẹ̀. Pi 4 tún ní 0xFE. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Aṣiyèméjì
Ewúrẹ́ wo?

OkèṢábẹ̀ẹ́ (Ṣábẹ̀ẹ́)
Ewúrẹ́ aládùúgbò. Ṣé o fẹ́ àdírẹ́sì rẹ̀ ni?

Gẹ̀lẹ̀dẹ́_bit (Kétu)
@OkèṢábẹ̀ẹ́ ìdí nìyẹn tí device tree (ìwé tó ń sọ ohun tó wà lára bọ́ọ̀dù fún kernel) fi wà. 0x7E náà ni wọ́n ń kọ síbẹ̀ fún GPIO lórí Pi wọ̀nyẹn, `ranges` tó wà lókè rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ti CPU. Driver béèrè resource (àdírẹ́sì tirẹ̀), wọ́n gbé e fún un, ó tán. Bí mo bá rí 0x3F nínú driver tí mo ń yẹ̀ wò, mi ò tún kà á síwájú.

Ọmọ_Wàńdò (Àjàṣẹ́)
Ẹ ti mẹ́nu kan `ranges`. Tí wọ́n bá kọ `ranges;` báyìí, tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ńkọ́? Mo rí i nínú v2, ẹ̀dà kejì patch náà.

Alákàsà0x
Òfìfo ni. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀ nìyẹn.

Àkàbà_Ìdénà (Kétu)
Rárá o. `ranges;` òfìfo túmọ̀ sí pé ohun tí ọmọ (bọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀) ń pè é ni ìyá (èyí tó wà lókè rẹ̀) náà ń pè é. Tí wọn ò bá kọ ọ́ *rárá* ni kò sí ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ ọmọ dé ọ̀dọ̀ ìyá.

Alákàsà0x
Ta ló ṣe irú òfin játijàti bẹ́ẹ̀?

Àkàbà_Ìdénà (Kétu)
Ó ti pẹ́. Láti ayé Open Firmware ni, ibi tí device tree ti wá, IEEE 1275, 1994. Ìwọ ti dáyé?

Alákàsà0x
Ọdún 1994, mo wà nínú ikùn. Mo fara mọ́ ọn.

Tàǹtí_Kóòdù (Àjàṣẹ́)
Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtìjú tèmi náà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àdírẹ́sì tí driver kan ń fún ẹ̀rọ bá ti bọ́ọ̀sì mu. Mo fi `%p` (àmì tí a fi ń tẹ àdírẹ́sì) tẹ̀ ẹ́ jáde nínú log, mo mú bírò, mo mú ìwé, mo ń ṣe àyọkúrò. Ọjọ́ méjì gbáko. Nọ́ńbà tí mò ń rí kò jọ ohunkóhun láyé, mo kọ̀wé sí ẹni tó ni patch pé ọpọlọ ìtúmọ̀ àdírẹ́sì rẹ̀ ti dàrú. Ó dáhùn ní ìlà kan: láti ẹ̀dà 4.15, kernel ń da `%p` rú kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ojúlówó rẹ̀. `%pad` ni fún dma_addr_t (ti bọ́ọ̀sì), `%pa` fún phys_addr_t (ti CPU). Mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ wẹ̀.

Aṣiyèméjì
Ọjọ́ méjì, Tàǹtí? Pẹ̀lú bírò?

Tàǹtí_Kóòdù (Àjàṣẹ́)
Bírò méjì. Èkíní tán.

ỌmọOnílé
Kí ló dé tí gbogbo yín ń bá ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò wí? Ẹni tó kọ ọ́ ńkọ́? Wọn ò san kọ́bọ̀ fún un, ó fi dátà ara rẹ̀ ṣe é, iná tún lọ.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́_bit (Kétu)
Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ṣùgbọ́n Reviewed-by kì í ṣe "mo kí ọ o". Ó wà nínú git log, ìwé ìtàn kóòdù, láéláé.

Bàbá_Àjàṣẹ́
Ẹ wo ìlú wa fúnra rẹ̀. Àjàṣẹ́ lẹ́nu àwa, Họ̀gbónù lẹ́nu àwọn Gùn, Porto-Novo lẹ́nu àwọn Pọtogí. Virtual, physical, bus. Ilẹ̀ kan ṣoṣo.

OkèṢábẹ̀ẹ́ (Ṣábẹ̀ẹ́)
Bàbá, èwo ni physical níbẹ̀?

Bàbá_Àjàṣẹ́
Àjàṣẹ́, dájúdájú.

Alákàsà0x
Ìyàwó mi Gùn ló ka ìyẹn báyìí. Ó ní kí n bá òun béèrè ta ló sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá_Àjàṣẹ́
Sọ fún un pé mo ń sùn.

Àkàbà_Ìdénà (Kétu)
@Ọmọ_Wàńdò v3 ńkọ́? Ṣé wọ́n ti yọ `virt_to_phys` kúrò?

Ọmọ_Wàńdò (Àjàṣẹ́)
Wọ́n ti yọ ọ́, `dma_map_single` ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n kọ `if (!addr) return -ENOMEM;`, ìyẹn pé bí àdírẹ́sì bá jẹ́ òdo, ó ti kùnà. Ó mọ́ lójú mi. Mo fẹ́ fi orúkọ sí i lálẹ́ yìí.

Àkàbà_Ìdénà (Kétu)
Dúró ńbẹ̀. Òdo lè jẹ́ àdírẹ́sì gidi lójú bọ́ọ̀sì, ìkùnà náà sì lè má jẹ́ òdo. `dma_mapping_error` ni kí wọ́n fi wò ó.

Ọmọ_Wàńdò (Àjàṣẹ́)
Yéè. Mo ti tẹ̀ ẹ́ tó "Reviewed-".