Ṣé kí n sanwó ṣóò Las Vegas yìí àbí kí n jókòó jẹ́ẹ́?

Baba_Ibeji
Ẹ̀yin ará, ẹ káalẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó ṣe ohun tí mo máa kábàámọ̀. Ìyàwó mi máa pé 50 lóṣù tó ń bọ̀, látìgbà tí mo sì ti mọ̀ ọ́n ló ti ń sọ pé olórin kan wà tóun gbọ́dọ̀ fojú ara òun rí kóun tó kú. Mi ò ní dárúkọ olórin náà torí mo mọ̀ yín, ẹ máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni náà ti lé ní 70 dáadáa, kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ni ìyàwó mi máa ń gbọ́ tó bá ń kàwé ìdánwò lóru nígbà tó wà nílé ìwé. Òun ló wá ń kọrin ní òtẹ́ẹ̀lì kàsínò kan ní Las Vegas báyìí, kì í káàkiri mọ́, ibì kan náà ló ń dúró sí, àwọn èèyàn ló ń wọ bàálù lọ bá a.

Mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lánàá, mo sì yára tì í padà. Dọ́là 340 fún ẹnì kan, ìyẹn gan-an ò sún mọ́ iwájú rárá, tiwájú ti kọjá 900. Mo ní kò burú, mo mú méjì, àfi bí mo ṣe dé ibi ìsanwó tí mo rí i pé wọ́n ti di ẹrù mìíràn sínú iye yẹn, wọ́n ní owó iṣẹ́. Iṣẹ́ wo lẹ ṣe, èmi ni mo ń fọwọ́ ara mi tẹ fóònù! Mi ò sì tíì dé orí bàálù, mi ò tíì dé orí òtẹ́ẹ̀lì.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé ohùn ṣì wà lọ́fun àwọn àgbàlagbà yìí, àbí ṣe ni wọ́n kàn ń ju ẹnu tí ẹ̀rọ sì ń kọrin? Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní aṣọ àti iná lásán ló kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Anti_Risi
Bọ̀dá, ẹ san owó yẹn jàre, aya yín ò ní pé 50 lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi lọ wo Cher, olórin Amẹ́ríkà yẹn, ní 2017, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní Park Theater, gbọ̀ngàn orin inú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Vegas, Monte Carlo ni òtẹ́ẹ̀lì yẹn ń jẹ́ nígbà náà kí wọ́n tó sọ ọ́ di Park MGM. 1946 ni wọ́n bí màmá yẹn o, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Nǹkan àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa rí ni pé kò sọ́nà tẹ́ ẹ lè gbà dé ibi orin láìgba àárín àwọn ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kọjá, bí wọ́n ṣe fi ọgbọ́n kọ́ ilé yẹn nìyẹn, kò sí fèrèsé, kò sí aago lára ògiri, èéfín sìgá wà nígbà náà, ariwo kíríkírí lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀gbọ́n mi tá a jọ lọ ní kí n dúró kóun tẹ ẹyọ kan péré, ó sì tẹ ogún dọ́là dànù kí n tó yíjú padà.

A wá wọlé, a jókòó. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ló wà níwájú wa, gbogbo wọn dé wíìgì dúdú gígùn bíi ti Cher, obìnrin kan tó ti dàgbà wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lápá òsì, ó ní ìgbà kẹrin òun rèé. Mo rò pé ó ń dápàárá ni. Iná kú, ṣóò bẹ̀rẹ̀, obìnrin yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó kàn fún mi létí kó tó ṣẹlẹ̀. "Wíìgì pupa ló kàn." Wíìgì pupa ló jáde lóòótọ́. Kò tíì pẹ́ tí ṣóò bẹ̀rẹ̀ tí Cher fi dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa tàkúrọ̀sọ, ó ṣe díẹ̀ kó tó parí, èmi ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé yàrá ìgbàlejò ẹ̀ la wà, mo wo ẹ̀gbẹ́ báyìí, obìnrin yẹn ń ka àwàdà náà tẹ̀ lé e lábẹ́ ẹnu bí ẹni ń ka àdúrà. Gbólóhùn kan ò yẹ̀! Inú mi kọ́kọ́ bà jẹ́ díẹ̀, mo ní áà, ṣé ohun tí wọ́n ń wí fún gbogbo ayé nìyí. Àmọ́ nígbà tó dé ibi tí Sonny Bono yọ lójú skírìn, ọkọ ẹ̀ àtijọ́ tó kú ní 1998, tí Cher ń kọ tiẹ̀ lórí pèpéle tí Sonny ń dá a lóhùn nínú fídíò, obìnrin yẹn ò sọ nǹkan kan fún mi mọ́. Ó dákẹ́ lọ gbári. Ó sì ti rí i lẹ́ẹ̀mẹta ṣáájú o.

Ní ti ohùn, ohùn wà, ohùn ẹ̀ tó nípọn bíi tọkùnrin yẹn náà ni. Orin oníjó ni mi ò lè búra fún. Orin 1998 tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, Believe, inú ilé rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ yí ohùn ẹ̀ padà látìbẹ̀rẹ̀, ta ló wá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnu ẹ̀ ni àbí ẹ̀rọ.

Alagidi_Paraku
Àǹtí, ẹ ti sọ tiyín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó jìyà náà sọ tiẹ̀.

Èmi ò ní dárúkọ olórin tèmi. Òkè pátápátá ni mo jókòó sí, olórin náà ò ju ìkamùdù lọ lójú mi, ìkamùdù tó ń dán yanranyanran torí aṣọ tó wọ̀. Skírìn ni mo ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, skírìn sì wà nílé mi. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló pààrọ̀ aṣọ. Gbogbo ìgbà tó bá ti wọlé lọ pààrọ̀, wọ́n á ju fídíò àtijọ́ sójú skírìn, àwọn oníjó á jáde, ẹnì kan á so rọ̀ láti òkè àjà á máa yí bìrìbìrì. Mo fi fóònù mi kà á torí inú ń bí mi: odindi ṣóò, ìṣẹ́jú 85. Ìgbà tí olórin fúnra ẹ̀ wà lórí pèpéle kò pé wákàtí kan. Ẹ wá pín owó yẹn sí ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ wo ohun tó jẹ́.

Bọ̀dá, ẹ tún fi èyí sọ́kàn, ní òtẹ́ẹ̀lì, owó yàrá nìkan kọ́ lẹ máa san. Wọ́n ní owó kan tí wọ́n ń pè ní resort fee, owó ibi ìgbafẹ́ òtẹ́ẹ̀lì bí adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ó lè tó 50 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lálẹ́ kan, bẹ́ ẹ lúwẹ̀ẹ́, bẹ́ ẹ ò lúwẹ̀ẹ́. Ibi ìgbọ́kọ̀sí, owó. Omi inú fìríìjì yàrá, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Oni_Saundi
Iṣẹ́ ẹ̀rọ saundi ni mò ń ṣe, kì í ṣe Vegas, àmọ́ mo mọ bí nǹkan ṣe ń lọ lẹ́yìn pèpéle.

Ẹ̀gbọ́n Alagidi, ẹ ò jẹ̀bi, àmọ́ ohun tó bí yín nínú yẹn gan-an ni wọ́n ń tà. Tẹ́lẹ̀, kàsínò ò retí èrè ńlá lórí orin, ìjẹ ẹnu ìwọ̀ ni orin jẹ́ fún wọn. Ẹ wá wo olórin Frank Sinatra ní kàsínò Sands, bẹ́ ẹ ṣe ń jáde tábìlì tẹ́tẹ́ ló máa pàdé yín. Elvis bẹ̀rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì International ní 1969, ṣóò méjì lálẹ́ kan, títí di 1976 iye tó ṣe ti lé ní 600. Lẹ́yìn ìyẹn ó wá dà bíi pé olórin tí ọjà ẹ̀ bá ti kú ló ń lọ jókòó sí Vegas. Celine Dion ló ba ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Kàsínò Caesars Palace kọ́ gbọ̀ngàn Colosseum torí tiẹ̀, 95 mílíọ̀nù dọ́là, àyè ìjókòó tó lé ní 4,000, ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 2003, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 35, ẹ rí i pé kì í ṣe arúgbó. Ó ṣe é títí di ìparí 2007, ó lé ní ṣóò 700. Elton John náà wọ ibẹ̀ ní 2004, ó ń lo gbọ̀ngàn kan náà láwọn ọjọ́ tí Celine ń sinmi. Látìgbà yẹn ni tíkẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ ti di ọjà.

Olórin tó ti dàgbà ló sì bá lára mu jù. Kò sí pé ó ń sùn nínú ọkọ̀, kò sí pé wọ́n ń tú pèpéle palẹ̀ lóru kí wọ́n tó tún un tò nílùú mìíràn, aṣọ rọ̀ síbi tó wà. Nǹkan ńláńlá tí ẹnikẹ́ni ò lè rù káàkiri, wọ́n á kọ́ ọ mọ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Wàhálà ẹ̀ ni pé aṣálẹ̀ ni Nevada, ìpínlẹ̀ tí Las Vegas wà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ táútáú, ó máa ń gbẹ ọ̀fun, àwọn olórin tiẹ̀ fún un lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Vegas throat.

Àwàdà tí kì í yí padà tí Àǹtí Risi sọ yẹn, kì í ṣe ọ̀lẹ o. Iná, fídíò, ilẹ̀kùn abẹ́ pèpéle tó ń ṣí, gbogbo ẹ̀ ló ní àkókò tiẹ̀, aago kan ń dún ní etí àwọn onílù tí ẹ̀yin ò gbọ́. Olórin ò lè ṣàdédé rìn lọ síbi tó wù ú, ó lè já sí ihò. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ náà máa ń wà lábẹ́ ohùn ẹ̀ nígbà mìíràn, pàápàá tó bá ń jó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń kọ ọ́ lóòótọ́, ẹ má wo ẹnu, ẹ tẹ́tí sí èémí. Orin pẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ, kó tó bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun. Ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń fa á sínú, ti àgbàlagbà sì máa ń pariwo ju tọmọdé lọ, torí ẹ̀ làwọn kan ṣe ń ní kí wọ́n pa á nínú máíkì. Èmi kì í pa á. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ̀ pé èèyàn ló wà níbẹ̀.

Jagunlabi
Ta ni olórin ọ̀hún gan-an? Rod Stewart ni àbí? Tó bá jẹ́ òun, ẹ ra tìsàlẹ̀, baba yẹn máa ń gbá bọ́ọ̀lù sáàárín èrò, bọ́ọ̀lù gidi.

Baba_Ibeji
Mi ò sọ nǹkan kan o 😂

Iya_Tolu
Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ èyí tó dun àwa. Àwọn àgbà yìí máa ń ṣàìsàn. A ti dé Vegas, a ti wẹ̀, mo ti lẹ irun ojú, ni wọ́n bá fi létà ránṣẹ́ sórí fóònù pé ó dìgbà mìíràn. Owó tíkẹ́ẹ̀tì padà wá. Ta ló fẹ́ dá ti bàálù padà? Kì í sì ṣe arúgbó nìkan, olórin Adele tí kò tíì pé 34 sún ṣóò tiẹ̀ síwájú ní oṣù kìíní 2022 nígbà tó ku ọjọ́ kan péré, oṣù kọkànlá ló tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra irú òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa dá owó ẹ̀ padà, ẹ sì má lọ fún alẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ mú súwẹ́tà dání náà, ooru ìta lè pa èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ́síì inú ibẹ̀ á mú kẹ́yín yín máa lu ara wọn.

Alagidi_Paraku
Oni_Saundi, ọ̀rọ̀ èémí yẹn wọ̀ mí lára. Mo lọ wo fídíò kékeré tí mo ká lọ́jọ́ náà báyìí (wọ́n ní ká má ká, gbogbo wa ká a). Orin tó fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, ó ń mí o. Mo gbọ́ ọ kedere. Mi ò fara mọ́ iye tí mo san síbẹ̀.

Anti_Risi
Ẹ̀gbọ́n ti ń rọ̀!

Baba_Ibeji
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti rà á, alẹ́ Wẹ́sìdeè, ó dín sí tòpin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àárín méjì, kì í ṣe òkè pátápátá. Òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n á dá owó ẹ̀ padà ni mo mú, Iya_Tolu, Ọlọ́run á bù kún yín.

Mo fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì nígbà tí mò ń jẹun, madam ka gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí. Kò bínú. Ó kàn bi mí pé ìjókòó mélòó ni mo rà, mo ní méjì, ó ní ó dáa, òun àti àbúrò òun lobìnrin ló ń lọ, torí èmi máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun máa ka ìṣẹ́jú bíi ti Alagidi.