Ibi tí ọ̀rọ̀ “hypothesis” ti yé mi: ẹ sọ ìrírí tiyín

Ọmọ Owé, Kàbà

Ọ̀kún o, ilé. Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pé hypothesis ni ìméfò tó mọ́gbọ́n dání. Oko ìyá mi ni mo ti rí i pé ìtumọ̀ yẹn ò tó.

Àgbàdo òjò àkọ́rọ̀ ni kò hù. Ìyá ní ilẹ̀ ló ti gbó. Alámùúlégbè wa ní ọwọ́ ayé ni. Èmi ní irúgbìn ló kú: kò gbẹ dénú kí wọ́n tó dì í sínú ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́nu pinpin. Ìyá wá bi mí pé, “Bó bá jẹ́ irúgbìn, kí la máa rí? Bó bá wá jẹ́ ilẹ̀ ńkọ́?” Mi ò tíì bi ọmọ kíláàsì mi kankan ní ìbéèrè yẹn rí.

A ka ogún hóró nínú tiwa, ogún nínú ti alámùúlégbè, a dì wọ́n sínú àkísà tútù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a gbé wọn sẹ́bàá àmù. Ọjọ́ karùn-ún, a tú wọn. Méjìdínlógún ti yọ gbòǹgbò funfun nínú ti alámùúlégbè, bí eyín ọmọ ọwọ́. Tiwa, mẹ́rin péré. Ìyókù ń yọ̀, ó ń rùn. Ìyá fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, ó fọ́ pẹ́tẹ́.

Inú mi ti ń dùn, àmọ́ Ìyá ò gbà. Ó ní àkísà kì í ṣe ilẹ̀. Ó gbin irúgbìn alámùúlégbè sórí ebè kan náà. Ká ní ìyẹn náà ò hù, àbá mi ì bá wó, torí ilẹ̀ náà á lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ó hù. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àbá tó lè wó là ń pè ní hypothesis. Ti “ọwọ́ ayé” ò lè wó láé: bó hù, wọ́n á ní ayé ti ká ọwọ́ kúrò, bí ò hù, wọ́n á ní ayé ṣì ń ṣe é. Àkísà wo la fẹ́ fi dán ìyẹn wò?

Nọ́ọ̀sì, Ìsánlú

Ẹ̀gbọ́n tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ìtàn dókítà kan tó ń jẹ́ Semmelweis ló là mí lójú, ní Vienna, orílẹ̀-èdè Austria, 1847. Àwọn abiyamọ ń kú nínú wọ́ọ̀dù àwọn dókítà ju ti àwọn agbẹ̀bí lọ. Ó dá a lábàá pé bóyá bí wọ́n ṣe ń dùbúlẹ̀ bímọ ni. Ó yí i padà, ikú ò dín, ó pa àbá yẹn tì. Lẹ́yìn náà ni ọ̀bẹ ge dókítà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi tí wọ́n ti ń la òkú, àìsàn tó jọ ti àwọn abiyamọ ló sì pa á. Semmelweis wá ní ohun kan láti ara òkú ló ń tọwọ́ dókítà dé ara aboyún. Ó ní kí wọ́n máa fi omi oníkòlóríìnì fọwọ́. Ikú já wálẹ̀. Bí mo bá ń fọwọ́ lẹ́nu wọ́ọ̀dù, àbá tó pa tì yẹn ni mo máa ń rántí jù.

Ará Ìyàrà

Tèmi, nínú project ni. Null hypothesis mi ni pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín owó tí àgbẹ̀ kajú inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń rí àti ti ẹni tí kò sí nínú rẹ̀. P-value, ìyẹn bó ṣe ṣeé ṣe tó kí irú ìyàtọ̀ tí mo rí tàbí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ kàn ṣèèṣì wáyé bí kò bá sí ìyàtọ̀ lóòótọ́, jáde ní 0.21, ó ju 0.05 tí mo fi ṣe ààlà lọ. Mo kọ ọ́ pé mo ti fi hàn pé kò sí ìyàtọ̀. Ọ̀gá mi fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ̀rí ò tó láti da null nù. Ìyẹn nìkan lo rí.” Òótọ́ ni, àgbẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n péré ni mo bá sọ̀rọ̀. Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo gbé e lọ dì ni mo pààrọ̀ gbólóhùn yẹn.