Olùkọ́ àgbà tó ń wá fẹ́lóṣíìpù ìwádìí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ni, mo kí yín. Olùkọ́ àgbà ni mí ní ẹ̀ka èdè Yorùbá ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ kan. Mo gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2016, mo sì ti lé dáadáa ní ẹni ogójì ọdún. Iṣẹ́ ìwádìí mi dá lórí àwọn ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé alárìnkiri, pàápàá jù lọ ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti dá Mbari Mbayo, ibùdó àṣà àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1962. Ìwé kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìkọ́ni, máàkì ìdánwò, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ìpàdé ìgbìmọ̀ kò jẹ́ kí n rí àyè jókòó tì í.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀pọ̀ ìkéde fẹ́lóṣíìpù (owó tí wọ́n ń fúnni láti lọ ṣe ìwádìí fún ìgbà díẹ̀) tí mò ń rí ló wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, àwọn yòókù sì jọ ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí òkìkí wọn ti kàn. Ǹjẹ́ ọjọ́ orí mi kò ní dí mi lọ́wọ́? Báwo ni n óò ṣe ṣàlàyé ọdún 2020 àti 2022, tí ìyanṣẹ́lódì fi ti yunifásítì pa, tí ìwé tí mo tẹ̀ jáde kò sì tó nǹkan? Ta ni n óò kọ́kọ́ kọ̀wé sí? Fẹ́lóṣíìpù Humboldt ti Jámánì àti Fulbright ti Amẹ́ríkà ni mo fojú sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn kìíní, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ti gba Humboldt rí

Ọ̀mọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má jẹ́ kí ti ọjọ́ orí gbà yín lọ́kàn, nítorí ọdún tí ẹ gboyè ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọdún tí wọ́n bí yín. Ọ̀nà méjì ni fẹ́lóṣíìpù ìwádìí Humboldt pín sí: ọ̀kan wà fún àwọn tí oyè wọn kò tíì ju ọdún 4 lọ, èkejì sì wà fún àwọn tó ti nírìírí, tí oyè wọn kò tíì ju ọdún 12 lọ. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni tiyín. Oṣù 6 sí 18 ni wọ́n máa ń fún ènìyàn, a sì lè pín in sí ìgbà mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́ta. Mo ka ìpínsọ́nà yìí sí àǹfààní ńlá fún olùkọ́ tó ní ọmọ nílé àti akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́, nítorí kò pọn dandan kí ó fi ohun gbogbo sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kì í yan iye kan fún orílẹ̀-èdè tàbí fún ẹ̀ka ìmọ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ fún yín pé èdè Yorùbá kò sí lára ohun tí wọ́n ń wá.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ gbájú mọ́ ju gbogbo èyí lọ: kí nìdí tó fi jẹ́ pé Jámánì ni iṣẹ́ yìí ti gbọ́dọ̀ wáyé? Àwọn tó ń yẹ ìwé wò mọ̀ pé gbogbo wa ni a nílò àyè láti kọ̀wé, nítorí náà ìyẹn nìkan kò lè gba fẹ́lóṣíìpù fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo gbólóhùn yìí: «Mo fẹ́ ṣàyẹ̀wò ipa tí eré orí ìtàgé Yorùbá kó nínú àṣà.» Ẹni tó jókòó sí Ìbàdàn lè ṣe é láìkúrò nílé. Ẹ wá wo èyí: «Ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀ ṣeré níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà ní Berlin ní 1964, mo fẹ́ mọ ohun tí àwọn òǹwòran àti oníwèé ìròyìn ibẹ̀ rí nínú eré náà, kí n sì fi wé ohun tí àwọn òǹwòran Òṣogbo mọ̀ ọ́n sí.» Ẹni tó bá ka ti kejì yìí yóò rí i pé ibi tí ìwé àti ìròyìn ọjọ́ náà wà ni ènìyàn gbọ́dọ̀ lọ. Ọwọ́ yín ni ohun èlò yìí wà, Ọ̀mọ̀wé, ẹ kàn kò tíì gbé e síwájú ni. Ẹ tún rántí pé Ulli Beier, tó bá wọn ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, ló dá Iwalewahaus, ilé iṣẹ́ ọnà àti àṣà Áfíríkà, sílẹ̀ ní Yunifásítì Bayreuth ní Jámánì ní 1981.

Ní ti ẹni tí ẹ óò kọ̀wé sí, ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò gbà yín lálejò ni ẹ óò kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù rárá, nítorí ìwé tí òun náà bá kọ nípa iṣẹ́ yín wúwo púpọ̀ nínú ìdájọ́ wọn. Ẹ ka nǹkan tí ó ti kọ. Kí lẹ́tà yín má ju ìpínrọ̀ mẹ́ta lọ: ohun tí ẹ rí nínú iṣẹ́ tirẹ̀, ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, àti ìdí tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ so ìwé kan ṣoṣo tó dára jù nínú iṣẹ́ yín mọ́ ọn. Bí ó bá ṣòro láti mú ẹnìkan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Èkó: Yunifásítì Èkó wà lára àwọn ibùdó tó ń bá Bayreuth ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ètò ìwádìí Africa Multiple, ẹ sì lè ti ibẹ̀ mọ àwọn ènìyàn.

Ìdáhùn kejì, láti ọ̀dọ̀ olùkọ́bìnrin kan ní ẹ̀ka Ìtàn

Mo kí Ọ̀mọ̀wé, mo sì fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ. Ti Fulbright ni èmi rí gbà, nítorí náà ibẹ̀ ni n óò dúró sí. Ètò tí wọ́n là sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ yunifásítì ilẹ̀ Áfíríkà máa ń gba oṣù 3 sí 9. Àlàyé iṣẹ́ tí wọ́n ń béèrè kò ju ojú ìwé 3 sí 5 lọ, lẹ́tà ìjẹ́rìí mẹ́ta sì ni. Bí ẹ bá rí lẹ́tà ìpè gbà láti yunifásítì kan níbẹ̀, yóò ràn yín lọ́wọ́ gan-an. Ẹ wo Northwestern ní Evanston, tí ilé ìkàwé Herskovits rẹ̀ kún fún ohun tó jẹ mọ́ Áfíríkà. Kí ẹ sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé físà J-1 ni wọ́n fi ń lọ, ó sì ní òfin ọdún 2 nílé: ẹni tó bá parí rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà wá gbé ilé fún ọdún méjì kí ó tó lè béèrè fún físà iṣẹ́ bíi H-1B tàbí ìwé ìgbélùú.

Lórí ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì, ẹ má ṣe bo ó mọ́lẹ̀, ẹ má sì sọ ọ́ di ẹkún. Gbólóhùn kan ti tó: «Yunifásítì wa wà ní títì láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹwàá 2022 nítorí ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò àwọn olùkọ́, láàárín àkókò náà mo gba ohùn àwọn àgbà òṣèré sílẹ̀.» Ẹni tó ń yẹ ìwé yín wò ní Bonn tàbí Washington kò mọ̀ nípa ìyanṣẹ́lódì wa àyàfi bí a bá sọ fún un. Bí ẹ bá sì ti tọ́mọ láàárín ọdún wọ̀nyí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí Humboldt máa ń gba àkókò ìtọ́jú ọmọ rò.

Mo tún fẹ́ tẹnu mọ́ lẹ́tà ìjẹ́rìí. A fẹ́ràn kí ẹni ńlá kọ ọ́ fún wa níhìn-ín, kí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì tàbí díìnì, àwọn náà á sì kọ pé a jẹ́ òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́, oníwà pẹ̀lẹ́ àti olùbẹ̀rù Ọlọ́run. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa ìwádìí. Ẹ wá ẹni tó ti ka ìwé yín, tó lè sọ pé ní ojú ìwé báyìí-báyìí, ẹ yí ohun tí a ti gbà gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí padà. Ẹ fi àbá ìwádìí yín ránṣẹ́ sí i, kí ẹ sì fún un ní àkókò tó pọ̀ tó.

Ìdáhùn kẹta, láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì Rẹ́jísírà kan

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà lè lọ fún sabbatical (ìsinmi kúrò lẹ́nu ìkọ́ni) ọdún kan pẹ̀lú owó oṣù. Ìyọ̀ǹda fún ìwádìí yàtọ̀ sí èyí: òun lè má ní owó oṣù nínú, ó sì lè mú kí ẹ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé ẹ óò padà wá sìn fún iye ọdún kan. Ẹ ka ìwé òfin ibi iṣẹ́ yín, ẹ béèrè irú èyí tí yóò bá fẹ́lóṣíìpù náà mu, kí ẹ sì bá olórí ẹ̀ka sọ̀rọ̀ kí èsì tó dé. Mo ti rí ẹni tí lẹ́tà ìgbàwọlé wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìwé ìyọ̀ǹda rẹ̀ sì ń lọ láti tábìlì kan dé òmíràn títí ọjọ́ ìrìn-àjò fi kọjá. Kí ìwé yín sọ ẹni tí yóò kọ́ kọ́ọ̀sì yín àti ẹni tí yóò máa mójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń darí.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ti Berlin 1964 yìí ti tún ìwé náà ṣe lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ èdè Jámánì. Ṣé ìyẹn kò ní jẹ́ ìdènà?

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn

Bí iṣẹ́ kò bá béèrè èdè Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì tó jíire ti tó. Tiyín béèrè rẹ̀, nítorí èdè Jámánì ni ẹ óò máa kà nínú ìwé ìròyìn ọdún náà. Goethe-Institut, tó ń kọ́ni ní èdè Jámánì, wà ní Èkó tí ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí, Humboldt pẹ̀lú sì máa ń san owó ìkọ́ èdè fún àwọn tí wọ́n bá yàn kí iṣẹ́ wọn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àbá yín pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ibi tí ẹ bá a dé, kí ẹ sì bi ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò gbà yín lálejò bóyá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan lè bá yín ka àwọn tó le. Ọdún 2028 ni ọdún 12 yín yóò pé. Mo rọ̀ yín kí lẹ́tà àkọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ yín ní oṣù yìí.