"Kò lágbára" yàtọ̀ sí "kò gan"

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwádìí lórí iṣẹ́ abẹ bunion bi wá lánàá pé ṣé ká máa pe strength àti stiffness ní "agbára" pa pọ̀, kí fixation, ìyẹn dídi eegun tí wọ́n gé mú, sì jẹ́ "ìkànmọ́". Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, torí ohun tí ìwádìí yẹn fẹ́ sọ gan-an la máa pa rẹ́.

Ohun tó ń jẹ́ bunion ni pé eegun tó wà lẹ́yìn àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ya síta, àtàǹpàkò fúnra ẹ̀ wá dorí kọ àwọn ìka tó kù (ìdí nìyẹn tí pípè é ní "kókó ẹsẹ̀" ò fi tẹ́ mi lọ́rùn, kì í ṣe kókó ló hù síbẹ̀). Dókítà á gé eegun yẹn, á sún un padà sáyè ẹ̀, á wá fi síkúrúù, pélébé irin, tàbí wáyà tí Martin Kirschner ará Jámánì gbé jáde lọ́dún 1909 dì í mú fún bí ọ̀sẹ̀ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ títí á fi jinná. "Ìkànmọ́" ti gbé wa lọ sídìí òòlù àti ìṣó, bẹ́ẹ̀ síkúrúù ṣe ni wọ́n ń yí i wọlé. "Ìdìmú eegun" ló gba gbogbo wọn.

Ó wá ku agbára. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé àga kan lọ bá Bàbá káfíńtà àdúgbò wa ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo níbí, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń mì jẹ́jẹ́. Mo ní, "Bàbá, àga yìí ò lágbára mọ́." Wọ́n fi gbogbo ara jókòó lé e, kò ṣẹ́. Wọ́n ní, "Agbára ń bẹ lára ẹ̀, ọmọ mi. Kò gan ni."

Ohun tí wọ́n ń wá nínú ìwádìí yẹn náà nìyẹn! Wọ́n á de eegun òkú tàbí eegun oníke mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á máa tì í láti ìsàlẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń ti ẹsẹ̀ wa tá a bá ń rìn, wọ́n á kọ iye Newton (òṣùwọ̀n ipá) tó gbà kó tó bà jẹ́, ìyẹn agbára, wọ́n á sì kọ bó ṣe ń tẹ̀ sí láti fi mọ gígan ẹ̀. Ìdìmú lè lágbára kó má gan, eegun tó bá sì ń mì ṣáá kì í tètè jinná. Tá a bá tẹlẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ojú ibi tí wọ́n gé ti máa ń fẹ́ là, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi pélébé irin sí abẹ́ eegun dípò òkè.

Failure, ìyẹn kí ìdìmú má lè ṣiṣẹ́ ẹ̀ mọ́, ńkọ́? Ẹ má kọ "dídá". Wáyà lè tẹ̀, síkúrúù lè fa eegun ya, kí ohunkóhun má sì dá. "Yíyẹ̀" ni kẹ́ ẹ lò, ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun rí ti gbọ́ "ó ti yẹ̀" létí ara ẹ̀.

Èyí tí mo ṣì ń rò ni fatigue, ìyẹn tí ẹ̀rọ bá ń tẹ irin díẹ̀díẹ̀ léraléra, tí kò gbé ẹrù ńlá kankan, tó wá kán bíi hángà tá a ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn. "Àárẹ̀ irin" ni mo fẹ́ fi sí i, ẹni tó bá ní òmíì kó kọ ọ́ wá kẹ́gbọ́n tó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.