Báwo ni kí n ṣe tọ́ tísà tuntun sọ́nà níbi tí ọmọ ti pọ̀, tí ohun èlò kò sì tó?

Olùbéèrè (Ìwáyà): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Tísà tuntun mẹ́ta ló wà lábẹ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìwáyà. Ọmọ tó lé ní 60 ló wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, bẹ́ńṣì kò tó, ìwé kò tó. Àwọn tísà yìí mọ̀wé, wọ́n sì fẹ́ràn àwọn ọmọ, àmọ́ ariwo ni kíláàsì wọn látàárọ̀ dọ̀sán. Bí mo bá wọlé wò wọ́n, ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ fún wọn máa ń tó mẹ́wàá, síbẹ̀ kò sí èyí tó ń yí padà. Ibo ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀? Yàtọ̀ síyẹn, nǹkan bí ìdajì ọmọ Pírámárì 3 ni kò lè ka gbólóhùn kan.

Tísà Àgbà (Mushin): Ẹ kú làálàá, mà. Ohun mẹ́wàá yẹn ti pọ̀ jù. Ẹni tó dojú kọ ọmọ 60 kò lè máa rántí ohun mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ẹyọ kan, èyí tó jẹ́ pé tó bá gún, àwọn míì á rọrùn. Ní ti tísà tuntun, bó ṣe ń gbé iṣẹ́ fún àwọn ọmọ ló sábà máa ń jẹ́.

Ẹ máa wọlé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ jókòó sẹ́yìn, kí ẹ sì máa wo àwọn ọmọ ju tísà lọ. Tó bá ti ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ wo aago. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ ka iye ọmọ tí bírò tàbí pẹ́ńsù wọn ń rìn lórí ìwé. Iye yẹn ni kí ẹ gbé lọ bá a. Tí ẹ bá sọ pé "ọmọ 22 nínú 63 ló ń kọ̀wé", ó mọ ohun tó máa tún ṣe. Tí ẹ bá sọ pé "kíláàsì rẹ kò gún", ojú á kàn tì í ni.

Ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ bá a sọ̀rọ̀, kí ó tó lọ sílé. Ìṣẹ́jú 15 tó. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun kan pàtó tó ṣe dáadáa, ẹ sọ ẹyọ ohun tó máa yí padà, lẹ́yìn náà kí ó dìde kó ṣe é lójú yín. Ibi ìdìde yìí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń fò. A ó sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, òun á ní "ó ti yé mi, mà", ó parí. Ẹ jẹ́ kó dúró níwájú bẹ́ńṣì òfìfo, kó sọ ọ́ jáde: "Ẹ mú ìwé ìṣirò. Ojú ewé 14. Nọ́ńbà 1 sí 5. Ẹnu dídákẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀." Kó dúró sójú kan, kó má pín ìwé, kó má kọ nǹkan sí pátákó bó ṣe ń sọ ọ́. Kó wá fi ojú gbá kíláàsì láti igun dé igun fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kó tó rìn. Kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ohun tó máa ń ba èyí jẹ́ ni kí tísà máa sọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Kó tó dé nọ́ńbà 5, ọmọ ti gbàgbé ojú ewé.

Màmá Ẹ̀kọ́ (Bàrígà): Mo fara mọ́ ọn. Mo fẹ́ fi kan kún un: "Ṣé ó yé yín?" "Ó yé wa, mà!" Ariwo ìdáhùn yẹn ń bo àwọn tí kò yé mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìka dáhùn. Ẹ kọ ìdáhùn mẹ́ta sí pátákó, 1, 2, 3, kí gbogbo ọmọ gbé ìka sí àyà lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wọ́n bá gbé e sókè lórí, wọ́n á máa wo ara wọn kọ.

Ẹ gé páálí sí wẹ́wẹ́, ẹ kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí i, kó wà nínú agolo mílíìkì. Kí tísà béèrè ìbéèrè ná, kó dákẹ́, kó tó fa orúkọ yọ. Bó bá ti dárúkọ kó tó béèrè, àwọn yòókù ti lọ sinmi. Mary Budd Rowe ṣèwádìí lórí ìdákẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, ó sì rí i pé tísà kì í sábà dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Níbi tí wọ́n ti dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn gùn sí i, ọmọ tó ń dáhùn sì pọ̀ sí i.

Onílẹ́tà (Yaba): Ní ti ìwé kíkà, ẹ má fi nóòtù Pírámárì 3 tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn lórí. Ẹ pe ọmọ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú méjì: lẹ́tà, ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀, ìtàn kúkurú. Ibi tó bá ti dúró ni ipò rẹ̀. Ọmọ 12 lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún, ọmọ 60 ti parí. Lẹ́yìn náà, wákàtí kan lójoojúmọ́, kí ẹ pín wọn sí ipò wọn, kì í ṣe sí kíláàsì wọn. Pratham, ẹgbẹ́ kan tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ní Íńdíà, ló bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, ilé ẹ̀kọ́ tálákà gan-an ni wọ́n sì ṣe é fún.

Ẹ sọ fún tísà yín pé ní apá Ìwáyà àti Makoko, Ègùn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń sọ nílé. Ẹni tí kò dáhùn lè má gbọ́ èdè tísà dáadáa. Fún ọmọ Yorùbá, lẹ́tà "p" nìkan ti tó ìṣòro: "p" tiwa kọ́ ni ti "pen". Ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ọmọ gbé e síwájú ẹnu. Tó bá pe ti Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, bébà á mì. Tó bá pe ti "pápá", kò ní mì bẹ́ẹ̀.

Olùbéèrè (Ìwáyà): Ẹ ṣeun gan-an ni. Tí kíláàsì bá ń dàrú lójú mi ńkọ́, ṣé kí n gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ tísà, kí n máa kọ́ wọn lọ?

Tísà Àgbà (Mushin): Ẹ má gbà á. Àwọn ọmọ á mọ ẹni tó ń ṣọ̀gá, wọn kò sì ní gbọ́ ti tísà wọn mọ́.

Màmá Ẹ̀kọ́ (Bàrígà): Àfi tí ẹ bá ti jọ ṣàdéhùn ṣáájú, kí tísà fúnra rẹ̀ sọ pé "Mà yóò fi nọ́ńbà kejì hàn wá." Ìṣẹ́jú méjì péré, kó padà gbà á lọ́wọ́ yín. Bí ẹ kò bá tíì ṣàdéhùn, ẹ fi ọwọ́ júwe láti ẹ̀yìn: àtẹ́lẹwọ́ sísàlẹ̀ túmọ̀ sí kó dúró, kó dákẹ́.

Ohun kan tó wà lọ́kàn mi gan-an: ìwé tí ẹ fi ń tọ́ ọ kò gbọ́dọ̀ dé tábìlì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn. Lọ́jọ́ tó bá dé ibẹ̀, tísà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré fún yín nígbà tí ẹ bá wọlé, ẹ kò sì ní rí òótọ́ mọ́. Ẹ sọ fún ọ̀gá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Onílẹ́tà (Yaba): Ẹ má fi ìpàdé sí àárọ̀ kùtù o. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àkókò ìsinmi àwọn ọmọ ló dára, kí ẹlòmíì bá a ṣọ́ wọn. Tí ẹ bá ní àwọn ọmọ tó ń pẹ́ dé torí pé wọ́n ń kiri ọjà kí wọ́n tó wá, kí tísà kọ iṣẹ́ ìṣẹ́jú 10 sí pátákó kí ìlẹ̀kùn tó ṣí, àtúnyẹ̀wò àná. Ẹni tó bá pẹ́ dé á jókòó, á bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 1, ẹ̀kọ́ tuntun kò sì ní fò ó.